Gíga nìkan kọ́ ni ìgbì: ohun tí etí òkun Tarkwa Bay kọ́ mi

Bí ẹnìkan bá pè mí ní ìdájí Sátidé láti béèrè bóyá òkun dára fún fífi bọ́ọ̀dù, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ, gun ìgbì, ohun tí mo máa kọ́kọ́ wò ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín ìgbì kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Gíga ìgbì, ẹ̀yìn nìyẹn ń bọ̀. Ó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lẹ́nu, torí gíga yẹn ni àsọtẹ́lẹ̀ òkun lórí fóònù ń kọ gàdàgbà síwájú: mítà kan, mítà kan ààbọ̀, mítà méjì. Ó rọrùn láti lóye, ó sì ṣeé fi yangàn lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí mítà méjì tí kò ṣeé gùn rárá ní Èkó, mo sì ti rí mítà kan tó gbé wa láti ẹ̀gbẹ́ òkúta títí yanrìn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bọ́ọ̀dù nísàlẹ̀.

Tarkwa Bay ni mo ti kọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Kò sí afárá, kò sí títì tó dé ibẹ̀. Bóòtù lèèyàn ń wọ̀, láti CMS tàbí láti ibi ìwọkọ̀ Mekwen ní Victoria Island. Ọ̀pọ̀ ará Èkó mọ̀ ọ́n sí ibi ìgbafẹ́ lásán. Omi ibẹ̀ rọ̀ ju ti Lighthouse Beach tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ, àwọn òbí a sì máa jẹ́ kí ọmọ wọn wẹ̀ níbẹ̀ láìfòyà púpọ̀. Ohun tó mú omi náà ṣe jẹ́jẹ́ ló tún fún wa ní ìgbì tó ṣeé gùn. Òkúta ni.

Láyé àtijọ́, yanrìn tó dí ẹnu ọ̀sà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọ Èkó. Ẹrù a máa gba Forcados lọ́hùn-ún, wọ́n á kó o sínú ọkọ̀ kékeré kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọnú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀nà náà, kí omi lè máa fọ yanrìn kúrò fúnra rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ń wọlé. Àmọ́ yanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn rìn lọ sí ìlà-oòrùn lọ́dọọdún bá kọsẹ̀ lára ògiri òkúta ti ìwọ̀-oòrùn. Ó jókòó sí Lighthouse Beach, etí òkun ibẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Victoria Island, tó yẹ kó gba ìpín tirẹ̀, kò rí i gbà mọ́. Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach láti ọdún dé ọdún, wọ́n da yanrìn síbẹ̀ títí, òkun ń kó o lọ, kí ọ̀rọ̀ tó wá di ti Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ń fi yanrìn tẹ̀ dó sójú òkun, àti ògiri tí wọ́n ṣètò pé yóò gùn tó kìlómítà mẹ́jọ àti ààbọ̀. Nígbà tí mo bá ń gbádùn ara mi lẹ́yìn òkúta Tarkwa Bay, mo mọ̀ pé àwọn ará òdìkejì ló ti ń san gbèsè rẹ̀ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Òkèèrè ni ìgbì wa ti ń wá. Ní gúúsù Cape Town, níbi tí kò ti sí ilẹ̀ tó lè dí afẹ́fẹ́ lọ́nà, ìjì máa ń jà gan-an láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, tó jẹ́ àsìkò òtútù lọ́hùn-ún. Ìjì yẹn á lu omi, omi á ru, rírú náà á sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò sí àríwá. Bó ṣe ń rìn ló ń to ara rẹ̀: àwọn ìgbì gígùn, tí àyè pọ̀ láàárín wọn, a máa yára ju àwọn kúkúrú lọ, wọn a fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ àwọn kúkúrú náà á sì kú sójú ọ̀nà. Ìgbì tó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 15 jìnnà sí èkejì rẹ̀ lè rin bí 1,000 kìlómítà lójúmọ́. Ìjì tó bá jà lọ́jọ́ Àìkú lè gba ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kí ìgbì rẹ̀ tó kan Èkó. Ní ọjọ́ tó bá dé, oòrùn lè máa ràn lọ́dọ̀ wa, kí imọ̀ àgbọn má mì, kí òkun sì máa hó. Àwọn àlejò máa ń bi mí pé ibo ni ìgbì ti wá nígbà tí kò sí afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ náà ti fẹ́ tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ìgbì mìíràn wà tó jẹ́ ọmọ ilé. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ojú òkun fẹ́ wọ ilẹ̀ wa, láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, òun ló ń rú u sókè nítòsí. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún sí mẹ́jọ ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé ara wọn. Wọ́n lè ga o, ṣùgbọ́n wọn kò létò: èyí ń lọ sọ́tùn-ún, èyí ń lọ sósì, òmíràn á fọ́ sí ọ lórí kí o tó mí. Èyí ni mítà méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tí kò ṣeé gùn.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì wà nínú bí wọ́n ṣe ń mọ ilẹ̀ lára. Láti orí ìgbì ìṣẹ́jú-àáyá 8 kan dé orí èkejì tó nǹkan bí 100 mítà. Ti 15 tó 350. Ìgbì a sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í fara kan ilẹ̀ níbi tí jíjìn omi bá ti tó ìdajì gígùn rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ti 15 ti ń mọ ilẹ̀ lára níbi tí omi ti jìn tó 175 mítà, ti 8 kò ní mọ̀ pé ilẹ̀ wà títí omi fi kù sí 50 mítà. Ibi tí ìgbì bá ti kan ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wúwo, apá rẹ̀ tó wà lójú omi jíjìn á ṣì máa sáré lọ, ìgbì náà á bá tẹ̀. Ẹ wo bí àwọn èrò ẹ̀yìn eégún ṣe ń yí igun òpópónà: àwọn tó wà nínú igun á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó wà lóde á máa fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, síbẹ̀ ọ̀wọ́ kan náà ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì gígùn ṣe ń yí orí òkúta wọ inú Tarkwa Bay. Ó dé ìhín, ó fọ́ láti ẹ̀gbẹ́ òkúta, ó sì ń ṣí lọ sí ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń gùn ún, díẹ̀díẹ̀, kò fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbì kúkúrú kò lè tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ tààrà, ó ń forí sọ òkúta níta, inú ọ̀hún á wà ní pẹrẹsẹ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Fún ìdí yìí, ìgbà tí fóònù bá sọ pé mítà kan, ìṣẹ́jú-àáyá 16, inú mi máa ń dùn. Tó bá sọ pé mítà kan ààbọ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 7, mo máa ń lọ ra ọjà mi ní Balogun. Ẹ sì rántí pé ojú agbami ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn ń ṣàpèjúwe, wọn kò mọ̀ pé òkúta wà níbì kan. Ìgbì gígùn tún máa ń dìde sókè sí i bó bá ti ń sún mọ́ ibi tí omi ò ti jìn, tó fi jẹ́ pé mítà kan tí wọ́n kọ lè ju mítà kan ààbọ̀ lọ nígbà tó bá fẹ́ fọ́ níta. Ìgbì mítà kan ààbọ̀ sì ń fọ́ níbi tí omi kò ju bíi mítà méjì lọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ forí lé omi níbẹ̀ fi ìyẹn sọ́kàn.

Bàbá kan tó máa ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi lẹ́bàá òkúta ló kọ́ mi láti mọ gbogbo èyí láìsí fóònù. Ará Ẹ̀gùn ni, Yorùbá rẹ̀ sì dùn létí. Nígbà tí mo kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," tí mo sì béèrè bóyá mo lè wọ omi, kò dá mi lóhùn kíá. Ó ń so kókó àwọ̀n rẹ̀ lọ. Ìgbì kan lu òkúta, ó so ọ̀kan, ó so èkejì, ó so ẹ̀kẹta, òmíràn lù ú.

"Mẹ́ta," ni ó wí. "Èyí ti ọ̀nà jíjìn wá. Tó bá jẹ́ kókó kan péré ni, má yọ ara rẹ lẹ́nu."

Mo ti fẹ́ dìde, ó ní, "Jókòó, ọmọ mi. Àwọn àgbà ìdílé ò tíì dé. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru."

Òótọ́ ni. Ìgbì ńlá kì í sábà dá rìn: mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé ara wọn, lẹ́yìn náà òkun á dákẹ́, nígbà mìíràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí ìgbì bá ṣe gùn tó ni ìdákẹ́jẹ́ ọ̀hún ṣe ń pẹ́ tó. Àárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni àwọn tó wá ya fọ́tò máa ń gun orí òkúta lọ, tí wọ́n á dúró sí ibi tó gbẹ, tí wọn kò ní bi ara wọn pé kí ló dé tí òkúta náà fi ní ewédò lórí. Mo ti pariwo mọ́ àwọn tí n kò mọ̀ rí nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì bẹ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti jókòó ti bàbá yẹn, mo máa ń wo òkun fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí n tó tú okùn bọ́ọ̀dù mi.

Afẹ́fẹ́ ló tún kù, òun ló sì ń ba òwò jẹ́ jù. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ilẹ̀ ti tutù ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á máa ti ilẹ̀ fẹ́ lọ sójú omi, ojú ìgbì á máa dán. Tó bá fi máa di bí aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, ilẹ̀ ti gbóná, afẹ́fẹ́ ti yí padà, ó ń ti òkun bọ̀, gbogbo ojú omi á di jágajàga. Ẹni tó bá ń fi oúnjẹ àárọ̀ jókòó kó tó lọ, ìlú Èkó náà á fi gòsíló kún un, yóò bá ìyókù.

Ọyẹ́ nìkan ló ń yí èyí padà. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti àríwá-ìlà-oòrùn lè máa fẹ́ títí di ọ̀sán, kí omi rí bíi dígí. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni ìgbì kéré jù lọ́dún, torí ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n wà ní gúúsù lọ́hùn-ún, ìjì wọn ti rọlẹ̀. Ìgbà tí ìgbì bá pọ̀, oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, afẹ́fẹ́ òjò kì í fẹ́ sinmi. Èyí tí mo yàn láàyò ni ìparí oṣù kẹta títí dé oṣù karùn-ún, àti oṣù kẹwàá, nígbà tí ìgbì ti ń bọ̀ tàbí tí kò tíì lọ tán, tí àárọ̀ sì máa ń rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan kò gbà, wọ́n ní oṣù keje làkókò. Agbára wọn ju tèmi lọ.

Ewu tó wà nínú àsìkò tí mo yàn yìí ni ìjì òjò. Ìlà-oòrùn ló ti ń yọ: ojú ọ̀run á dúdú bí ẹni pé wọ́n fa aṣọ bò ó, afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ dúró jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà á fẹ́ lójijì, yanrìn á máa ta ni lójú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó lè ti ẹni tó jókòó sórí bọ́ọ̀dù jìnnà sí etí òkun, mànàmáná sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn awakọ̀ bóòtù mọ ìrísí ojú ọ̀run yẹn. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń fa bóòtù wọn sókè láìsọ̀rọ̀, ẹ kúrò nínú omi.

Òṣùpá ni kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, bóyá torí pé kíkún àti fífà òkun ní Èkó kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, tí àwọn èèyàn fi ń rò pé kò tó nǹkan. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń kún, ó sì ń pẹ́ sí i ní bí àádọ́ta ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Nígbà tí òṣùpá bá lé tuntun tàbí tó bá pé, kíkún náà á ga jù, fífà rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ jù. Ní àárín oṣù kẹjọ 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo ní Victoria Island lóru, ó gbé ilé pákó àti àwọn èèyàn tó wà nínú wọn lọ. Ọjọ́ 17 oṣù yẹn ni òṣùpá tuntun bọ́ sí, nínú oṣù tí ìgbì gúúsù ń le. N kò tíì tún sùn sí etí òkun Èkó ní oṣù kẹjọ, a kì í sì í rọ̀ mí láti ṣe é.

Ní Tarkwa Bay, ọ̀sà Èkó ń tú omi rẹ̀ jáde gba ẹ̀gbẹ́ wa nígbà tí òkun bá ń fà. Omi ọ̀sà tó ń jáde á pàdé ìgbì tó ń wọlé, ìgbì náà á kúrú, á sì dìde ṣánṣán. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ bóòtù gba Commodore Channel, ọ̀nà omi tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Èkó, ní irú àkókò yẹn mọ bí ìbàdí ṣe máa ń ro ni lọ́jọ́ kejì. Omi ọ̀sà yẹn náà ló ń kó ọ̀rá, ike àti ìdọ̀tí gbogbo ìlú jáde lẹ́yìn òjò ńlá. Nítorí náà, ìgbà tí òkun bá ń kún bọ̀ ni mo máa ń wọ omi, tí omi agbami tó mọ́ ń wọlé. Lẹ́yìn òjò alágbára, mo máa ń fi ọjọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀, torí etí mi ti jìyà rẹ̀ tó. Ewédò aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń léfòó tún wà, tó ti ń ya wọ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 2011. Tó bá dé, òórùn rẹ̀ nìkan tó láti dá èèyàn padà sílé.

Ẹ má rò pé omi wa gbóná tọdún-tọdún. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ti ìsàlẹ̀ òkun dìde ní etíkun Ghana àti Ivory Coast, ipa rẹ̀ sì máa ń dé ọ̀dọ̀ wa díẹ̀. Ó wà lára ohun tí wọ́n ní ó ń fa ìdánudúró òjò ní oṣù kẹjọ. Mo mọ̀ ọ́n lára nígbà tí mo lọ sí Busua ní Ghana: eyín mi ń gbọ̀n lórí bọ́ọ̀dù, nínú oṣù kẹjọ, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní ilẹ̀ gbígbóná. Inú àwọn apẹja ń dùn ní tiwọn, torí ìgbà yẹn ni ṣáwá ń pọ̀.

Busua ló jẹ́ kí n mọ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣe ohun tí òkúta àwọn òyìnbó ń ṣe ní Èkó. Àpáta gidi ló yọ wọnú òkun níbẹ̀. Ìgbì tí wọ́n ń pè ní Black Mamba ń fọ́ lórí àpáta ọ̀hún sí ọwọ́ ọ̀tún, bíi ti ilé wa, àmọ́ ó gùn jù, ó sì le jù. Yanrìn Tarkwa Bay máa ń dárí jini. Àpáta kò mọ̀ ọ́n. Bí òkun bá fà tán, orí àwọn àpáta náà á yọ síta, kò sí ohun tí onítọ̀hún fẹ́ ṣe níbẹ̀. Kíkún tí mo fojú kéré ní Èkó wá di aago tí mo fi ń ṣètò gbogbo ọjọ́ mi.

Ohun kan ṣoṣo ló dọ́gba níbi méjèèjì, àti ní gbogbo etí òkun gbalasa láti Èkó dé Accra: omi tó ń fà jáde. Omi tí ìgbì gbé wá sí etí yanrìn gbọ́dọ̀ padà sí agbami, ó sì máa ń wá ọ̀nà tóóró kan gbà. Tí ẹ bá rí ibì kan tí ìgbì ò ti fọ́, tí omi ibẹ̀ dúdú díẹ̀ tó sì dà bíi pé ó rọ̀ jù láàárín ìfófòó méjì, ibẹ̀ gan-an ni. Ibẹ̀ ni àwọn tó wá ṣe fàájì máa ń yàn láti wẹ̀, torí kò sí ìgbì. Tó bá gbé èèyàn, kí ó má bá a jà láti padà tààrà. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó máa bá etí òkun lọ títí omi fi jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó tó yí sí ilẹ̀. Lẹ́yìn ikú, àwọn èèyàn á ní Olókun ló gba tirẹ̀. N kò bá Olókun ṣe àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n mo máa ń fi ọ̀nà náà han àwọn ọmọdé pẹ̀lú ìka.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú apẹja Ghana, wọn kì í lọ sókun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo ọkọ̀ á wà lórí yanrìn, omi á ṣófo, n kò sì ní máa bẹ̀rù pé mo máa dí ẹni tó ń ti iṣẹ́ bọ̀ lọ́nà. Mo rò pé ọjọ́ tèmi nìyẹn. Bọ̀rọ̀dá tó yá mi ní bọ́ọ̀dù ní kí n má tíì yọ̀, kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, torí òkun ló ń sinmi. Mo lọ kí wọn, mo kúnlẹ̀ bí a ṣe ń ṣe nílé, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní àwọ̀n àti ọkọ̀ ni òfin náà dè. Wọn kò tíì rí ẹni tó fi pákó pa ẹja.